Àpótí Tí Kò Béèrè Orúkọ

Kàósárà jókòó sí ọ́fíìsì wọn ní àdúgbò Alekuwodo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Bugzilla sórí kọ̀ǹpútà. Redmine àti Mantis ló kàn. Iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe: ẹni tó bá rí àléébù nínú áàpù á kọ ọ́ síbẹ̀, àléébù náà á gba nọ́ńbà, kò sì ní sọnù títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Àwọn tó kọ wọ́n tún ṣí inú wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé bí ìgbà tí èèyàn ṣí bónẹ́ẹ̀tì mọ́tò, kí ẹni tó bá fẹ́ lè tú u kó sì tún un tò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, obìnrin kan pe fóònù ọ́fíìsì. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ áàpù oògùn yẹn wò. Ó kù díẹ̀ kó pa ọmọ.” Ó gé fóònù kí Kàósárà tó béèrè ibi tó ti ń pè.

Áàpù náà ló ń sọ ìwọ̀n oògùn tó tọ́ sí ọmọdé fún àwọn nọ́ọ̀sì. Bándélé, ọ̀gá rẹ̀, ọmọ Ọ̀tan-Ilé, ló kọ ọ́ fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ó ti pe gbogbo wọn. Èsì kan náà ló gbà: “Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa sà. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.” Òun àti Kàósárà yẹ ìṣirò inú áàpù wò látòkè délẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ti áàpù náà pa ná.”

“Kí wọ́n padà sí fífojú díwọ̀n oògùn? Ìyẹn náà ń pa ọmọ!” Ojú Bándélé ti pọ́n. “Ṣé ẹni tó pè ò mọ̀ mí ni?”

“Ó mọ̀ yín, ìyẹn ni ò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun bú iṣẹ́ ọmọ ìlú?”

Bándélé ní kó wá ọ̀nà tí wọ́n á fi lè sọ ọ́.

Látìgbà náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Kàósárà fi ń dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò: ṣé ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè lò ó? Bugzilla mọ iṣẹ́, àmọ́ ó fẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀. Redmine lè gba ẹ̀sùn nípasẹ̀ ímeèlì, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ẹni á bá a wọlé. Inú Mantis ló ti rí ìlà kan tó ń gba àlejò tí kò forúkọ sílẹ̀ láàyè. Ó ṣí i. Ó tú fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ń yọ àpótí ìbéèrè kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku méjì: *Kí lẹ tẹ̀? Kí ló fi hàn yín?* Ó kọ ọ́ sókè pé, *A ò ní mọ̀ yín.* Ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ọ̀sì lórí Wasáàpù.

Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Bándélé ń rìn lọ rìn bọ̀. Bí fóònù bá ti dún, àwọn méjèèjì á jọ sáré sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àléébù nọ́ńbà kìíní wọlé: *Mo tẹ kílò 3,5 fún ọmọ ìkókó. Ó fi oògùn ẹni kílò 35 hàn mí. Mo ti fà á sínú abẹ́rẹ́ kí n tó wo ojú ọmọ náà.*

“Súbúhánállàhì!” ni Kàósárà ké. Àmì tó-ó-tó, 3.5, ni àwọn méjèèjì máa ń tẹ̀ lọ́fíìsì. Kọ́mà ni fóònù nọ́ọ̀sì náà ní. Áàpù kò mọ kọ́mà. Ó gbé e mì, ó so mẹ́ta mọ́ márùn-ún.

Bándélé ti ń pariwo sínú Wasáàpù: “Ẹ má lò ó o! Ẹ dúró ná!” Kàósárà kọ́ áàpù láti ka kọ́mà bí àmì tó-ó-tó. Ó tún ní kó má ṣe gba kílò tí kò bá ọjọ́ orí ọmọ mu. Wọ́n dán an wò lórí gbogbo fóònù tó wà nítòsí kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Kílẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ tuntun bọ́ sábẹ́ nọ́ńbà kìíní: *Ó ka 3,5 báyìí. Ọmọ náà ń mu ọyàn níwájú mi.*

Bándélé fi ọwọ́ bo ojú. Nọ́ńbà kejì wọlé: *Lẹ́tà yín kéré jù. Ṣé èèrà lẹ kọ ọ́ fún ni?*

“Èmi ni wọ́n ń bú báyìí?”

“Ẹ̀yin ni, ọ̀gá. Nọ́ńbà kẹta náà ti dé.”