Ike Dominic

1
…ẹ sún mọ́ra díẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè gbọ́. Ìtàn kan wà lọ́wọ́ mi. Wẹ́wẹ́ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, wẹ́wẹ́ náà ni n ó sì pín in fún yín.

2
Títò ni wọ́n ń tò tẹ́lẹ̀, nínú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó ní Ìdóàní. Àwọn tó ń du ipò alága á dúró sínú oòrùn. Ìwọ á tò sẹ́yìn ẹni tó wù ọ́. Ojú ń rí ojú.

Lọ́dún tí Ambrose du ipò, Babátọ́pẹ́, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, tò sẹ́yìn ẹlòmíràn. Ambrose bojú wẹ̀yìn, ó rí i. Wọn kò kí ara wọn mọ́ títí wọ́n fi sin Ambrose.

Dominic, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́, lọ síbi ìsìnkú náà. Ó rí Babátọ́pẹ́ lẹ́bàá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni tí wọn kò pè. Ó délé, kò lè jẹun. Ó jókòó, ó kọ òfin.

3
ÒFIN ÌDÌBÒ TITUN

i. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba kóró kòkó gbígbẹ kan, kó dá wọ inú kíláàsì ilé ìwé, kó jù ú sínú ike ẹni tó wù ú.
ii. Ẹni tó ń du ipò kò ní dìbò.
iii. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni ní ẹni tó dìbò fún. Ọkọ kò gbọdọ̀ bi aya.
iv. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò kà á. Iye tó wà nínú ike kọ̀ọ̀kan ni yóò kéde. Kò gbọdọ̀ sọ ohun mìíràn fún ọmọ ẹgbẹ́ kankan.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Wọ́n ní kí Toyyibah máa kà á, obìnrin Ọ̀wọ̀ tó ń wá ra kòkó lọ́wọ́ wọn, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kì í parọ́.

4
Tiwátọ́pẹ́, ọmọ Dominic, lórí WhatsApp, láti Àkúrẹ́:
*Màmá, ṣé lóòótọ́ ni pé Dádì fẹ́ du alága? Ohun tí dókítà sọ nípa ọkàn wọn ńkọ́?*

Zipporah, ìyá rẹ̀, ohùn ló fi dáhùn:
*Mo ti bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ṣe òfin ló yẹ kó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ dán an wò.*

5
Ẹnu ọ̀nà kíláàsì, lọ́jọ́ ìdìbò. Láníyì ló ń bá Dominic du ipò.

LÁNÍYÌ: Bàbá Tiwá, ẹ má bínú o. N ó nà yín lónìí.
DOMINIC: Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Ìwọ tí irùngbọ̀n ẹ ò tíì pé.
LÁNÍYÌ: Ó ń pé bọ̀, Bàbá!

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Zipporah gba kóró tirẹ̀ lọ́wọ́ Toyyibah. Ó pẹ́ nínú kíláàsì.

6
Kóró méjìdínlógójì ni Toyyibah pín. Mẹ́tàdínlógójì ló wà nínú ike Láníyì. Ó da ike Dominic dojú dé, ó gbọ̀n ọ́n. Ó wo abẹ́ bẹ́ǹṣì.

Ó jáde, ó kéde bí òfin ti wí.

7
Dominic: òdo.

8
DOMINIC: Títò yẹn sàn jù.
ZIPPORAH: Ẹ jẹun, Bàbá Tiwá.
DOMINIC: Ká ní kóró kan ṣoṣo wà níbẹ̀, n bá ní tìẹ ni. N bá sùn.
ZIPPORAH: Ọbẹ̀ ti ń tutù.
DOMINIC: Ìwọ náà?
ZIPPORAH: Òfin kẹta.
DOMINIC: Èmi ni mo ṣe é.
ZIPPORAH: Ẹ̀yin ni.

9
Àwọn ọmọ ẹgbẹ́, lábẹ́lẹ̀:
Christopher: "Mo rò pé àwọn yòókù á dì í fún wọn."
Qudirat: "Àìsàn wọn ni mo rò. Mo mọ̀ pé ìyàwó wọn á ṣáà fi tiẹ̀ sí i."
Ẹnì kan tí kò dárúkọ: "Ṣé gbogbo wa ni?"

10
Láti ọjọ́ náà, pálọ̀ ni Dominic ń sùn.

Láràárọ̀, láti ojú fèrèsé, ó ń rí Zipporah lẹ́yìn ilé ìdáná. Ife omi kan. Ó ń dà á sórí ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nǹkan kan kò hù níbẹ̀.

Kì í bi í. Kí ló kù tó lè bi í?

11
Toyyibah yà kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló bá Zipporah.

TOYYIBAH: Màmá, kí lẹ gbìn síbí?
ZIPPORAH: Mi ò lè jù ú sínú tiwọn, kí ipò yẹn pa wọ́n. Mi ò lè jù ú sínú ti ẹlòmíràn.
TOYYIBAH: Kóró gbígbẹ kì í hù, Màmá.
ZIPPORAH: Ta lo ń sọ fún? Ìyàwó oníkòkó ni mí.
TOYYIBAH: Ẹ sọ fún wọn nígbà náà.
ZIPPORAH: Òfin yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ wọn. Ṣé èmi ni n ó bà á jẹ́?

12
Toyyibah ló sọ ọ́ fún mi, lórí àpò kòkó, ní Ọ̀wọ̀. Òfin ní kó má sọ fún ọmọ ẹgbẹ́. Èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí ńkọ́? Ilé Dominic nìyẹn lọ́hùn-ún. Fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀…