Yẹ̀rì Mi Wà Nínú Jákẹ́ẹ̀tì Svenja

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń rán jákẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń yìnbọn sójú àmì. Wọ́n ti pè mí ní aláriwo, wọ́n ti pè mí ní onídìí ńlá, òótọ́ sì ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ rí pé iṣẹ́ mi ò dára, àfi ní àárọ̀ Sátidé ọjọ́ ìdíje yẹn, nínú gbọ̀ngàn ìbọn ìlú wa ní Thuringia, nílẹ̀ Jámánì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu sọ́séèjì jẹ lẹ́nu ọ̀nà, mọ́sítáàdì ṣì wà létè mi, nígbà tí Svenja, ọmọ oníbúrẹ́dì àdúgbò wa, sáré jáde pẹ̀lú omijé. Oma, ìyá àgbà, ni gbogbo wọn ń pè mí.

"Oma Irmtraud! Jákẹ́ẹ̀tì mi ò yege! Wọ́n ní mi ò lè wọ̀ ọ́!"

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Bó bá wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, yóò wọ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló sì ní. Òfin gbà kí èèyàn gbé e padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i péré, aago mẹ́wàá ni wọ́n sì ń ti yàrá àyẹ̀wò. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ikùn mi ló sábà máa ń ṣáájú mi wọlé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ìbínú ló ṣáájú ikùn.

Detlef, olùkọ́ ẹgbẹ́ ayìnbọn Svenja, ti dúró sí yàrá àyẹ̀wò, ó ń mi orí fún gbogbo ẹgbẹ́ bí ẹni tó wá síbi òkú.

"Oma, ẹ má bínú o. Ọjọ́ orí ni. Ojú yín ò ríran dáadáa mọ́."

"Ojú ta ni? Ojú tèmi? Ìwọ Detlef, tí mo rán ṣòkòtò ìbọn àkọ́kọ́ fún, tí o tọ̀ sí i lára kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Etí rẹ̀ pọ́n.

Mo kọjú sí obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò. "Ìyá, kí ló ṣe jákẹ́ẹ̀tì mi?"

"Kò nípọn jù," ó ní. "Ó le jù ni." Ó gbé irin kékeré ẹ̀rọ náà lé ẹ̀yìn aṣọ. Ó yẹ kí aṣọ wọlé ní mìlímítà mẹ́ta, ó kéré tán. Kò wọlé ju ẹyọ kan lọ.

Irọ́ ni! Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Kánfáàsì jákẹ́ẹ̀tì ìbọn máa ń le bí pákó, kí ẹ̀yìn ayìnbọn má baà mì. Ṣùgbọ́n tó bá le kọjá àlà, ojóoro ni. Nítorí náà, bí mo bá ti rán an tán, màá tẹ́ ẹ sórí àga, màá sì jókòó lé e lórí fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Orí rẹ̀ ni mo ti ń jẹun, orí rẹ̀ ni mo ti ń tòògbé. Ìdí yìí tí gbogbo ìlú fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, irinṣẹ́ ni. Kò sí kánfáàsì tó bá a jìjàkadì rí tó borí.

Mo gbé jákẹ́ẹ̀tì náà símú. Fánìṣì! Irú èyí tí wọ́n ń fi kun igi ìdí ìbọn kó lè máa dán, tó máa ń le gbagidi bó bá gbẹ. Nínú ẹgbẹ́ wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kun igi ìbọn. Mo wo èékánná Detlef. Wọ́n pọ́n rúsúrúsú.

Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Oma. Díẹ̀ ni mo fi kàn án nínú. Mo fẹ́ kó borí ni."

"O fẹ́ kó borí, o wá jẹ́ kó máa sunkún, o sì ní ojú mi ló fọ́? Màá bá ọ sọ ọ́ tó bá yá. Mú bíléèdì wá!"

Mo tú aṣọ ìtẹ́nú ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì náà, èyí tí fánìṣì ti mú le, kúrò. Ọlọ́run yọ wá, fánìṣì náà ò tíì dé ara kánfáàsì. Ṣùgbọ́n níbo ni màá ti rí aṣọ òwú tó fẹ́lẹ́, tó sì rọ̀, láti fi rọ́pò rẹ̀? Ọ̀rá-ọ̀rá ni gbogbo ohun tí àwọn ọmọ yìí wọ̀ sára. Mo ronú títí, àfi yẹ̀rì ìdí mi, aṣọ òwú olódòdó tí mo ti fọ̀ fún ogún ọdún.

"Ẹ yíjú sẹ́yìn!" mo pariwo. Mo bọ́ ọ níbẹ̀. Ó ṣì gbóná. Detlef ni mo ní kó di etí yẹ̀rì náà mú bí mo ti ń gé e. Ó ń wo òkè àjà, kò gbọdọ̀ mí.

"Dì í mú dáadáa! Kì í ṣe ejò."

Mo rán an, mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ṣépè lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo jókòó lé e. Obìnrin àyẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó gbé irin lé e: mìlímítà mẹ́ta àti díẹ̀. Ó lẹ èdìdì mọ́ ọn.

Detlef na ọwọ́ kó gbé e fún Svenja. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Kọ́kọ́ sọ fún un. Níwájú àwọn tí o sọ ti ojú mi fún."

Ó wo bàtà rẹ̀. "Èmi ni mo fi fánìṣì sí i."

"Wọn ò gbọ́ lẹ́yìn!"

"Èmi ni!"

Svenja gba jákẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ mi. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ tán. "Ẹ má dúró lẹ́yìn mi lónìí," ó sọ fún Detlef. "Oma ni yóò dúró."

Bí wọ́n ṣe fi mí sórí àga olùkọ́ nìyẹn, àga irin, láìsí yẹ̀rì. Òtútù ń gun ìdí mi lọ sí ọrùn, inú sì ń bí mi débi pé eyín mi ń pa ara wọn. Ẹ̀yìn ọmọ náà ò mì rárá. Ipò kẹta ló ṣe.

Ní ọjọ́ Ajé, Detlef gbé jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní ó ti le jù, kí n bá òun rọ̀ ọ́.

Mo nawọ́ sí àga. "Jókòó lé e fúnra rẹ."