Àáró Tí Ràsáàkì Kò San

Láti gáréèjì Ṣakí títí ọkọ̀ fi wọ Ìsẹ́yìn, irọ́ tí yóò pa ni Ràsáàkì ń wá. Ó wá a títí, kò rí èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Irọ́ tó wúlò ti tán lápò rẹ̀, nítorí ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń ná an.

Àwọn mẹ́ta ló da iṣẹ́ kan pọ̀: Ràsáàkì tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní Ṣakí, Abíọ́nà ará Ìjìó, àti Motúnráyọ̀ ọmọ Ìsẹ́yìn. Áàpù ni wọ́n ń ṣe, èyí tí yóò máa ka ohun tó bá wà lójú fóònù sókè lédè Yorùbá fún ẹni tí kò ríran. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni ló lè tú inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó sì mú un lò. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, ìfẹ́ inú ni wọ́n fi ń ṣe é. Bàbá Motúnráyọ̀, àgbẹ̀ oníṣu tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn, wọ́n sì ti ṣèlérí fún un pé kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, áàpù náà yóò ti jáde.

Nítorí pé iṣẹ́ náà pọ̀, Motúnráyọ̀ ní kí wọ́n fi àáró ṣe é, bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe lóko: gbogbo wọn á dojú kọ iṣẹ́ ẹnì kan títí yóò fi tán, kí wọ́n tó bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Ti Ràsáàkì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ohùn ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ohùn ara rẹ̀ ni áàpù yóò máa fi sọ̀rọ̀. Àwọn méjì yòókù bá a gé e, wọ́n bá a ṣà á, wọ́n bá a tò ó títí ó fi dán. Ẹ ò bá rí ọkùnrin yìí bó ti ń fi ohùn náà ṣe fáàrí káàkiri Ṣakí. Nígbà tó wá kan ti Motúnráyọ̀, Ràsáàkì ní máàsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ti wó. Wọ́n ní kò burú, wọ́n mú ti Abíọ́nà, Ràsáàkì tún ní ibà dá òun dùbúlẹ̀. Máàsì kò wó, ibà kò sì ṣe é. Tirẹ̀ ti tán ni, adùn iṣẹ́ náà sì ti lọ lẹ́nu rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, wọ́n gbin iṣu, wọ́n wa iṣu, ọyẹ́ dé, áàpù ò jáde. Nígbà tí àwọn tó ń retí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lójú ewé iṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Ràsáàkì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Motúnráyọ̀ ló ń fa àwọn sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni Motúnráyọ̀ pè é, ó ní kí gbogbo wọn pé jọ sílé bàbá òun kí wọ́n parí ohun tó kù. Ràsáàkì rò pé kò tíì rí ọ̀rọ̀ náà.

Bàbá ló kọ́kọ́ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ràsáàkì dọ̀bálẹ̀, Bàbá wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó dì í mú. Ó béèrè bóyá wọ́n ti tún máàsì Ṣakí ṣe. Ó béèrè ibà. Ó ní kò sí ìrun kan tí òun kí tí òun kò dárúkọ rẹ̀ nínú àdúà, nítorí Motúnráyọ̀ sọ fún òun pé àìsàn náà le. Ràsáàkì wo Motúnráyọ̀, ìyẹn tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àṣé ó ti mọ̀ tipẹ́ pé irọ́ ni, ó kàn ń bò ó láṣìírí lójú bàbá rẹ̀.

"Ara ti yá, Bàbá," ni Ràsáàkì wí. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná.

Wọ́n jẹ iṣu, wọ́n sì jókòó ti iṣẹ́. Àwọn méjì yòókù ti ṣe èyí tó pọ̀ jù kó tó dé. Ìwọ̀nba tó kù ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, ó sì ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń lé, kò dìde títí di ìrọ̀lẹ́. Abíọ́nà wá fi áàpù náà sórí fóònù Bàbá kí wọ́n lè dán an wò kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ fáyé. Bàbá ní kí ó ka ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa iṣẹ́ náà fún òun. Abíọ́nà ṣí ojú ewé náà, kò ronú jìnnà.

Ohùn Ràsáàkì ló jáde nínú fóònù, ó mọ́ ketekete: "Iṣẹ́ tèmi ti parí tipẹ́. Mi ò pa ọjọ́ kan jẹ. Motúnráyọ̀ ló ń fà wá sẹ́yìn."

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ikú ò sí nítòsí lọ́jọ́ náà. Motúnráyọ̀ kò ta gìrì. Ó ti kà á lọ́jọ́ tí Ràsáàkì kọ ọ́. Bàbá wá béèrè bóyá ibà yẹn tiẹ̀ ṣe ẹnikẹ́ni.

Ràsáàkì kúnlẹ̀. Ó ní irọ́ ni òun pa, àti ti máàsì, àti ti ibà, pé wọ́n bá òun ṣiṣẹ́ tán ni òun sá.

"Nígbà tiwa," ni Bàbá wí, "a kì í bá ẹni tí kò san àáró jà. A kì í pè é mọ́ ni." Ó na ọwọ́ sí Ràsáàkì. "Ṣùgbọ́n Motúnráyọ̀ pè ọ́. Dìde."

Abíọ́nà ló rí i pé gbólóhùn kan kù, èyí tí áàpù yóò máa sọ nígbà tí kò bá lè ṣe ohun tí wọ́n rán an. Kò sẹ́lòmíràn tó lè kà á, nítorí ohùn kan náà ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Motúnráyọ̀ pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má bàa wọnú ohùn náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Ràsáàkì kà, "mi ò ṣe é bó ṣe yẹ."

Ó sáré kà á jù. Abíọ́nà ní kó tún un kà. Ó tún un kà, ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀, Abíọ́nà sì tún fẹ́ kó tún un ṣe, nítorí èyí kò dán bíi ti àwọn yòókù.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ìyẹn ni mo gbọ́ tó ti inú wá."

Motúnráyọ̀ fi í síbẹ̀, ó sì tú áàpù náà sílẹ̀. Ó sin Ràsáàkì dé ibi tó ti máa wọkọ̀, ó ní kó kí àwọn ará ilé. Kò sọ bóyá òun yóò tún pè é, Ràsáàkì kò sì ní ẹnu tí yóò fi béèrè.