Adìyẹ Mẹ́rin, Adìyẹ Mẹ́ta

Ìró páálí tó ń ya ni Mofolúwakẹ́ gbọ́ kí ó tó yíjú padà. Ìyáàfin Mákánjúọlá, ọ̀gá ilé-ìwé, ti já àwòrán adìyẹ kúrò lára ògiri, ó sì ń fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ lójú àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní.

"Ṣé mo ní kí o wá sin adìyẹ nílé-ìwé mi ni, Àǹtí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ìṣirò àròpọ̀ ni mo fi ń kọ́ wọn. Adìyẹ mẹ́rin lápá kan, mẹ́ta lápá kejì..."

"Ta ló ya adìyẹ fún èmi? Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ mi, mi ò sì gbàgbé ẹyọ kan." Ó gbá gbogbo kóró àgbálùmọ̀ tí àwọn ọmọ fi ń ka iye lórí tábìlì jọ, ó dà wọ́n síta láti ojú fèrèsé. "Alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ láàárọ̀ yìí. Kò gbọdọ̀ bá pàǹtírí níbí."

Odindi ọjọ́ Sátidé ni Mofolúwakẹ́ fi ya àwòrán yẹn nílé wọn ní Ìkìrun. Láti oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti gbé e wá sí Inísà, ọ̀rọ̀ òun àti ọ̀gá rẹ̀ kò wọ̀ rí. Ọjọ́ tí ọ̀kadà bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́nà, ìwé ìkìlọ̀ ni ìyá náà fi kí i káàbọ̀. Láti ọjọ́ náà ni òun pẹ̀lú kò ti kúnlẹ̀ kí i mọ́. Orí lásán ló ń mì sí i.

Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí alábẹ̀wò fi dé, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́ṣẹ̀yìndé. Ó wo àwọn ọmọ yí ká, ó sì nawọ́ sí Fọláfúnmi, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà tó jókòó níwájú.

"Mẹ́rin àti mẹ́ta, mélòó ni?"

Fọláfúnmi dìde. Ojú rẹ̀ lọ sára ògiri. Ní àná, ibẹ̀ ló ti ń fi ìka tọ́ adìyẹ kọ̀ọ̀kan, òun ló sì kọ́kọ́ pariwo pé, "Méje!" Báyìí, ògiri ṣófo.

Mofolúwakẹ́ dúró lẹ́yìn alábẹ̀wò, níbi tí ọmọ náà ti lè rí i kedere. Fọláfúnmi sì wò ó. Kí Mofolúwakẹ́ kàn na ìka mẹ́rin, kí ó na mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ó rí òógùn tó ń yọ lójú Ìyáàfin Mákánjúọlá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ alábẹ̀wò, nǹkan kan sì dùn lọ́fun rẹ̀ bí oyin. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ó ká apá mọ́ àyà.

"Dáhùn!" ni ìyá náà jágbe. "Àbí odi ni ẹ́?"

Ìtọ̀ ṣàn gba itan ọmọ náà wọ inú ìbọ̀sẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Alábẹ̀wò kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán.

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, Ìyáàfin Mákánjúọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Kò pariwo.

"Mo rí ẹ."

"Ẹ̀yin lẹ fa àwòrán ya, mà."

"Èmi ni. Ìka mẹ́wàá ń bẹ lọ́wọ́ ẹ. Ìyẹn, mi ò fà á ya."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Mofolúwakẹ́ bu omi sínú ike, ó mú Fọláfúnmi lọ sẹ́yìn kíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì nawọ́ láti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ náà gbé apá méjèèjì bo orí, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí ọ̀gá bá gbé pàṣán.

"Èmi ni, Fọláfúnmi. Èmi Àǹtí yín ni."

Fọláfúnmi yọjú wò ó láàárín apá rẹ̀. Ó wò ó dáadáa, ó mọ̀ pé Àǹtí wọn ni.

Kò gbé apá náà sọ̀kalẹ̀.