Orogún Ionie

Ẹyẹ Dókítà kan, ẹyẹ tíńtín tó ń mu omi inú òdòdó, wà ní abúlé Millbank tó máa ń jẹun lọ́wọ́ bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Mas Linval. Abo ni, kò ní ìrù gígùn méjì tí akọ fi ń ṣe fáàrí. Bí Linval bá ti gbọ́ ìyẹ́ rẹ̀ tó ń kùn bí oyin, á lọ jókòó sórí àga rẹ̀ lábẹ́ igi òdòdó pupa lẹ́yìn ilé, á na ìgò kékeré tí omi ṣúgà wà nínú rẹ̀ síwájú. Ẹyẹ náà á bà lé ìka rẹ̀, á máa mu.

"Ionie, orogún rẹ dé o."

"Kó kú àbọ̀. Ṣúgà tí mo pò ló ń mu, ṣé á bá mi fọ ṣòkòtò rẹ?"

Bẹ́ẹ̀ ni tọkọtaya náà ń ṣe láràárọ̀, títí àìsàn àyà fi pa Linval.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Ionie kò rí oorun sùn mọ́. Ó ń gbọ́ ikọ́ ọkọ rẹ̀ nínú yàrá. Nígbà tí ọjọ́ kẹsàn-án pé, tí àwọn ará àdúgbò lá ọbẹ̀ orí ewúrẹ́, tí wọ́n mu rọ́ọ̀mù, tí wọ́n kọrin tán, Alvarine, ẹ̀gbọ́n olóògbé, kó àwọn ọkùnrin wọ yàrá. Wọ́n yí ibùsùn padà, wọ́n pààrọ̀ kọ́tìnnì, kí òkú má baà mọ ilé bó bá padà wá. Alvarine wá bi Ionie bóyá ohun kan ṣì kù tí àbúrò òun lè fi dá ilé mọ̀.

Ionie ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n oorun ń pa á, ẹ̀rù sì ń bà á.

"Àga rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé," ó ní. "Àti igi òdòdó yẹn."

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n dáná sun àga, wọ́n fi àdá gé igi lulẹ̀. Ionie sùn lálẹ́ ọjọ́ náà bí òkúta.

Kíkùn ìyẹ́ ló jí i. Nígbà tó jáde, ẹyẹ náà dúró sínú afẹ́fẹ́ níbi tí àga wà tẹ́lẹ̀, ní ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó máa ń wà gan-an. Ó fò lọ síbi tí ẹ̀ka igi ti máa ń wà, ó padà, ó tún lọ. Ionie sáré po ṣúgà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ìka. Ẹyẹ náà kò bà.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé abo ni ẹyẹ náà. Ó la àwọn ewé igi tó ṣubú. Ìtẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, òwú àti okùn aláǹtakùn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹyin méjì inú rẹ̀ kò ju ẹ̀wà lọ. Àwọn méjèèjì ti fọ́.

Alvarine yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó, ṣé o sùn?"

"Mo sùn, ẹ̀gbọ́n."

"O ò gbọ́ ikọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ó ti lọ nìyẹn. Kò lè mọ ilé yìí mọ́ láé." Alvarine rò pé òun fi èyí tù ú nínú, ó sì wọlé lọ gbé tíì kaná.

Ionie fi ọwọ́ bo ìtẹ́ náà. Ó gbé ìgò sókè sí ẹyẹ tó ṣì ń wá ẹ̀ka níbi tí kò sí ẹ̀ka.

"Orogún mi," ó ní, "mo po ṣúgà rẹ dáadáa. Wá mu."