Ẹni Tí Kò Sunkún

Wòlíì Àníọlá ríran láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi pé ikú ń rìn nínú ilé Odùkọ̀yà l'Élékò, àfi kí wọ́n yára gbé ẹni tí ikú náà ń lé wá sí àgọ́ àánú inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ méje. Wòlíì kò dárúkọ ẹnì kankan. Adéjọkẹ́, ìyàwó ilé, kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni ikú ìbá máa lé bí kò ṣe Blessing, ọmọ rẹ̀ ọdún mọ́kàndínlógún?

Ọmọ yẹn lẹ́nu, ó sì lẹ́kún. Bí inú bá bí i, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Láti ìgbà tí yunifásítì ti lé e, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ láràárọ̀: "Mọ́mì, ayé sú mi. I don tire." Ẹ̀rù àtisin ọmọ kò jẹ́ kí Adéjọkẹ́ lè gbé oúnjẹ mì.

Ti Joshua, ọkọ rẹ̀, kò le ní tiẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, jẹ́jẹ́ bí ilé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Nígbà tí àwọn olówó mọ ọgbà yí etíkun tí ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí ká, "Ó ti dáa" nìkan ló sọ. Kò lọ sójú òkun mọ́. Nígbà tó kó gbogbo àwọ̀n rẹ̀ fún Jàmíù, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Adéjọkẹ́ yìn ín pé ó lawọ́. Ẹ gbọ́ ìyìn!

Joshua fúnra rẹ̀ ló ru ẹní ọmọ dé àgọ́ àánú. "Ìyá Blessing, dúró tì í o," ló wí, ó sì yíjú padà sílé.

Adéjọkẹ́ dúró. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Jàmíù já wọ inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í wọ bàtà. Ó ní Joshua ti pa ara rẹ̀.

Ó ya gbogbo èèyàn lẹ́nu pé Blessing kò pariwo.

"Mọ́mì, èmi sọ tèmi," ló wí. "Ẹ gbọ́, ẹ sì gbé mi wá síbí. Ta ló bi Dádì léèrè?"

Adéjọkẹ́ wá inú ọdún mẹ́tàlélógún tí wọ́n ti fẹ́ra, ó ń wá ọjọ́ kan péré tóun wí pé, "Bàbá Blessing, kí ló ń ṣe yín gan-an?" Kò rí i.