Ẹni Tí Kò Dìde

Lédì Theodosia fi ọ̀bẹ fàdákà la ápù sí méjì, àmọ́ ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Lọ́ọ̀dù Hasketh, àlejò wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni: "Ambrose, ẹ yé fara pamọ́. Gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ló ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ ìwé tí kò lórúkọ yẹn."

Sà Ambrose nu ẹnu, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre."

Kò sọ pé òun kọ́ ló kọ ọ́.

Òun alára ló ní kí ìyàwó òun má fi orúkọ sí i, pé ìtìjú ni fún ilé àwọn. Ìdájí, kí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tó dáná, ni Theodosia fi kọ ọ́, tí òtútù ń jẹ ẹ́ níka.

"Obìnrin kọ́ ló kọ irú èyí," Lọ́ọ̀dù Hasketh ń bá a lọ. "Obìnrin ì bá ti fi gbogbo ọmọge inú ìwé náà fọ́kọ kó tó dé ìdajì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ambrose náà rẹ́rìn-ín.

Oúnjẹ ti tán. Ó tó àsìkò kí àwọn obìnrin lọ sí pálọ̀ òkè, kí àwọn ọkùnrin lè mutí, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ni ilé ni í kọ́kọ́ dìde. Bí kò bá dìde, obìnrin kankan kò gbọdọ̀ dìde. Lédì Penmore, opó àgbà tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Ambrose, ti kó ìbọ̀wọ́ rẹ̀ jọ, ó ń retí kí Theodosia ṣẹ́jú sí òun.

Theodosia kò ṣẹ́jú. Agbọ́tí gbé ìgò dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ èyí tí yóò ṣe.

"Theo," ọkọ rẹ̀ pè é jẹ́jẹ́, "wọ́n ti dáná yíyá sí pálọ̀ òkè."

"Ẹ jẹ́ kó máa jó."

Lédì Penmore wò ó títí, ó sì da ìbọ̀wọ́ padà sórí itan. "Èmi náà ò tíì lọ. Sà Ambrose, kí ló dé tí ọmọbìnrin inú ìwé yẹn fi ju òrùka rẹ̀ sínú kànga? Mo sunkún síbẹ̀, n ò sì mọ ìdí."

 Ambrose ṣe bó ti máa ń ṣe bó bá gbàgbé orúkọ àlejò: ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ kó bá òun sọ ọ́.

Ìdáhùn wà lẹ́nu Theodosia, ó gbóná bí ẹ̀yinná. Ó gbé e mì. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ambrose kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Gbogbo àlejò tẹ̀lé ojú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi ń wo Theodosia. Ìgbà náà ló yé e pé òun kò ní láti sọ ohunkóhun.